Báàgì mẹ́ta fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún máa ń di ẹrù bí ẹni tó ń lọ ṣọdún lábúlé: gbogbo nǹkan pátá nínú Ghana-must-go kan. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ní "Ẹ mú páàdì wá, ẹ mú ìwé ẹ̀jẹ̀ wá, kíá!" ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó dúró ti aláìsàn á máa tú ìró àti súwẹ́tà sílẹ̀ lójú gbogbo wọ́ọ̀dù. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn rẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀, kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà dáadáa, dírípù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Nítorí náà, ẹ pín ẹrù yín sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ tó máa mú nǹkan pín in: báàgì ìwé àti owó tí kò ní kúrò lára ẹni tó dúró tì yín, báàgì kékeré tí ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín á tó lórí bẹ́ẹ̀dì, àti garawa tí ìyókù á wà.

Iṣẹ́ abẹ ikùn tí wọ́n ti mú ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ là ń sọ níbí, irú fíbúróìdì, ìpá, òkúta inú àpò òróòro tàbí iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ní ọsibítù ńlá ìjọba nílẹ̀ Yorùbá: UCH n'Íbàdàn, LUTH l'Ékòó, OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀, àtàwọn ọsibítù ìpínlẹ̀. Ọsibítù aládàáni sábà máa ń ka púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí mọ́ owó tí wọ́n ń gbà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Iye ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín, ẹ fi ọjọ́ méjì lé e nígbà tí ẹ bá ń di ẹrù. Wọ́n lè sún iṣẹ́ abẹ síwájú lẹ́yìn tí ẹ ti gba bẹ́ẹ̀dì: ìfúnpá lè ga láàárọ̀ ọjọ́ náà, PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ inú ara) lè má tó, ikọ́ lè mú yín, ẹ̀jẹ̀ lè má tíì jáde ní bánkì ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì wọ tíátà ṣáájú yín.

Báàgì ìwé àti owó

Kí ó ní síìpù, kí ó sì ṣeé gbé kọ́rùn. Ẹni tó dúró tì yín ló ni ín. Òun ló máa gbé e lọ sí fámásì, láàbù àti ibi ìsanwó, á sì gbé e sùn.

Inú rẹ̀ ni káàdì ọsibítù á wà, pẹ̀lú ìwé tí dókítà fi ní kí wọ́n gbà yín sí wọ́ọ̀dù àti gbogbo èsì àyẹ̀wò: PCV, àyẹ̀wò kíndìnrín, ìtọ̀, sikáànù, àti ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù) bó bá jẹ́ àgbàlagbà tàbí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má ká fíìmù X-ray, ẹ má sì fi sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, torí ojú ibi tó bá ti kán kì í ṣeé kà dáadáa mọ́. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ìwé náà. Fáìlì máa ń sọnù láàárín klíníìkì àti wọ́ọ̀dù, ẹni tí kò ní ẹ̀dà ló máa ń san owó àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ra ìwé kékeré kan àti bírò méjì (ẹnì kan á yá ọ̀kan, kò sì ní padà). Ojú ewé kìíní ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí, irú ẹ̀jẹ̀, genotype, oògùn tí ara yín kì í gbà, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún yín rí, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, iye mílígíráàmù rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ ń lò ó. Ẹ kọ àgbo náà síbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi àgbo pa mọ́ torí kí nọ́ọ̀sì má bàa bú wọn, bẹ́ẹ̀ egbòogi mìíràn wà tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù tàbí kó da ìfúnpá rú nígbà tí oògùn oorun bá ti wọra. Dókítà tó máa kun yín lóorun gbọ́dọ̀ mọ̀. Bákan náà ni aspirin àtàwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: dókítà á sọ bóyá kẹ́ ẹ dá wọn dúró, á sì sọ ọjọ́ tó yẹ. Ẹ má dá wọn dúró fúnra yín. Kẹ́ ẹ kó oògùn náà dání nínú páálí rẹ̀, ẹ má tú wọn pọ̀ sínú ọ̀rá kan.

Ojú ewé kejì wà fún nọ́ńbà fóònù èèyàn bíi márùn-ún. Fóònù aláìsàn tó bá ti kú, tàbí tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà tó bá wà ní tíátà. Èyí tó kù nínú ìwé náà wà fún ọ̀rọ̀ dókítà. Wọn kì í pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì kan nígbà tí wọ́n bá ń yí wọ́ọ̀dù ká láàárọ̀, nítorí náà ẹ ti kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Bẹ́ ẹ bá ń lo ètò adójútòfò ìlera NHIA, lẹ́tà tí ọsibítù tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí fi darí yín wá gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, pẹ̀lú kóòdù HMO (iléeṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò yín), kí ọjọ́ ìwọlé tó pé. Bí kóòdù kò bá tíì jáde, ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ san ni wọ́n máa kà yín sí, gbígba owó náà padà kì í sì í rọrùn. Òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ ètò náà ṣì máa ń san ìdá 10 nínú 100 lórí owó oògùn. Ní ti owó, ẹ mú káàdì báńkì, kẹ́ ẹ ní owó tí ẹ lè fi fóònù fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì mú owó ìwé dání ní ṣẹ́ńjì kéékèèké, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ ìgbà tó máa ń lọ. Gbogbo rìsíìtì, inú àpò ìwé kan. Wọ́n á béèrè wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sílé, èyí tí ẹ kò bá rí lè di èyí tí ẹ máa tún san.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lè dá iṣẹ́ abẹ dúró fún ẹni tí kò múra. Bánkì ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ kí ẹbí fi ẹ̀jẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún yín, iṣẹ́ abẹ fíbúróìdì sì lè ní kẹ́ ẹ wá páìǹtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye èèyàn tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú wá, ẹ fi ẹnì kan tàbí méjì lé e, nítorí wọ́n máa ń dá àwọn kan padà: ẹni tí kò tó kílò 50, ẹni tí PCV rẹ̀ kéré, ẹni tí àyẹ̀wò jẹdọ̀jẹdọ̀ bá mú. Bí ọkùnrin bá ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rí, kí ó ti tó oṣù mẹ́ta. Obìnrin, oṣù mẹ́rin. Irú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní láti bá tiyín mu, torí inú bánkì ni tiwọn ń lọ, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n máa fún yín. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mu omi dáadáa kí wọ́n tó wá, kó má sì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa wá. Ìwé pélébé tí wọ́n bá gbà níbẹ̀, inú báàgì yìí ló ń wọ̀.

Lísìtì tíátà

Ẹni tí kò bá tíì sùn ní ọsibítù ìjọba rí kì í retí èyí: ẹ lè ní láti ra ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n máa lò fún yín. Nọ́ọ̀sì á kọ lísìtì: ìbọ̀wọ́, òwú, gọ́ọ̀sì, sípíríìtì, pílásítà, omi dírípù àti okùn rẹ̀, kánúlà (ohun tí wọ́n ń kì bọ inú iṣan ọwọ́ kí dírípù lè gba ibẹ̀ wọlé), rọ́bà ìtọ̀ àti àpò rẹ̀, òwú tí wọ́n fi ń rán ara, àti oògùn. Ẹ má ra ọ̀kankan kí lísìtì tó dé, kódà bí ẹ̀gbọ́n yín tó ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá bá fún yín ní lísìtì tirẹ̀. Sáìsì ló ń ba nǹkan jẹ́. Ìbọ̀wọ́ tíátà ní nọ́ńbà, 7, 7½, 8, ìdì kọ̀ọ̀kan sì dá wà nínú pépà tirẹ̀ láìsí kòkòrò kankan. Èyí tó wà lọ́gọ́rùn-ún nínú páálí kò lè rọ́pò rẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ kánúlà: aláwọ̀ ewé ni 18, píǹkì ni 20, búlúù ni 22. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú ihò rẹ̀ ń kéré sí i. Ẹni tí wọ́n bá kọ 18 fún nítorí ó ṣeé ṣe kó gba ẹ̀jẹ̀, tó wá ra búlúù nítorí "abẹ́rẹ́ kékeré kì í dunni", ẹ̀jẹ̀ kò ní sáré wọlé nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn máa kọjá lílò, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Tó bá wà ní fámásì ọsibítù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà á. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́, ó rọrùn láti gbé e padà síbẹ̀ ju ọjà Ìdúmọ̀tà lọ. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ẹ kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì sí i lára, ẹ kà á lójú nọ́ọ̀sì tó gbà á. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè èyí tí wọn kò lò. Wọ́n lè lò ó fún yín ní wọ́ọ̀dù.

Báàgì orí bẹ́ẹ̀dì

Kó má tóbi. Kí ó ní ìgbé tí wọ́n lè fi kọ́ sára bẹ́ẹ̀dì, ní ẹ̀gbẹ́ tí dírípù kò sí.

Ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: ìrọ̀rí kékeré kan tó le díẹ̀. Lẹ́yìn oorun oògùn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, dandan sì ni kí ẹ wú u jáde. Ẹni tí ojú ọgbẹ́ ń dùn kì í fẹ́ húkọ́, ibẹ̀ ni àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti ń ráyè wọlé. Ẹ ká orúnkún sókè, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìrọ̀rí náà mọ́ ojú ọgbẹ́, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wá húkọ́. Á dùn yín, àmọ́ kò ní dà bíi pé ikùn fẹ́ ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe bí ẹ bá fẹ́ sín tàbí tí ẹnì kan bá pa yín lẹ́rìn-ín.

Ẹ mú sítúrọ́ọ̀ tó ṣeé tẹ̀ dání. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tó ń mu omi nínú ife á da ìdajì sí ọrùn. Ètè máa ń gbẹ gan-an, nítorí náà ẹ mú òrí díẹ̀ nínú ike kékeré. Fóònù, ṣájà tí okùn rẹ̀ gùn tó mítà méjì (ibi tí iná wà lára ògiri kì í sábà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì), páwà báńkì tó kún, tọ́ọ̀ṣì kékeré, tíṣù, aṣọ ìnujú, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti abọ́ kékeré tí ẹ lè tutọ́ sí. Ẹni tó ń lo ínhélà nítorí ikọ́ fée gbọ́dọ̀ fi sí òkè pátápátá, kó sì sọ fún dókítà oorun pé ó wà níbẹ̀. Awò ojú àti eyín àtọwọ́dá, kí kálukú wà nínú ike tó ní ìdérí tí ẹ kọ orúkọ sí lára. Inú tíṣù ni eyín máa ń wà tí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi ń gbé e dànù.

Ṣingọ́ọ̀mù náà lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn, ìfun máa ń sùn fún ìgbà díẹ̀, jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù sì lè mú kó tètè jí. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ dókítà kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ń béèrè pé "Ṣé ẹ ti só?", kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ìfun ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ní ti aṣọ, ìró ló lérè jù, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti gbó díẹ̀ tó sì rọ̀. Kò ní rọ́bà tó máa gún ojú ọgbẹ́, okùn rọ́bà ìtọ̀ á gba abẹ́ rẹ̀ jáde, àti ọkùnrin àti obìnrin ló sì lè ró o. Àwọ̀sùn tàbí búláòsì tó ní bọ́tìnnì níwájú, tí apá rẹ̀ fẹ̀, ni kẹ́ ẹ mú, nítorí aṣọ tí wọ́n ń fà gba orí kò ní kọjá dírípù. Pátá tó tóbi ju sáìsì yín lọ, tó máa gun orí ìdodo; èyí tí rọ́bà rẹ̀ bá bọ́ sórí ibi tí wọ́n là, ẹ fi sílé. Súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú wọn, torí òtútù máa ń mú ẹni tó bá ti tíátà bọ̀ débi pé eyín á máa gbá ara wọn. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ládìde kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré rárá.

Garawa

Garawa oní 20 lítà tó ní ìdérí, nítorí omi lè má yọ nínú ẹ̀rọ láàárọ̀. Inú rẹ̀ ni abọ́ ńlá tí wọ́n á fi wẹ̀ yín lórí bẹ́ẹ̀dì, kànrìnkàn tó rọ̀, ọṣẹ, aṣọ ìnura méjì, abọ́, ife, ṣíbí, fúláàsì, páàdì ńlá ìdì méjì fún obìnrin, páńpà àgbàlagbà díẹ̀, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì méjì, àwọ̀n ẹ̀fọn, ọ̀rá ìdọ̀tí, Jik díẹ̀ tí ẹ máa fi fọ ilé ìgbẹ́ kẹ́ ẹ tó lò ó. Bàtà rọ́bà tí abẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀, tí ẹsẹ̀ lè wọ̀ láìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ dìde rìn lọ́jọ́ kejì, tàbí lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sínú iṣan ẹsẹ̀. Píọ̀ wọ́tà àpò kan máa ń ní 20 nínú; ẹni tó dúró tì yín ló máa mu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ má kó kọ́ìlì ẹ̀fọn, àbẹ́là tàbí sítóòfù wá. Ọ́síjìn wà ní wọ́ọ̀dù, iná kékeré lásán sì máa ń di ńlá níbi tí ọ́síjìn bá ti ń jò. Ẹ má fọ́n oògùn ẹ̀fọn sí ibi tí ẹni tí kò lè mí dáadáa wà. Góòlù, aago olówó iyebíye, ẹ fi wọ́n sílé. Olè ń bẹ ní wọ́ọ̀dù pàápàá.

Ohun tí ẹ máa bọ́ kí ẹ tó wọ tíátà

Ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Kútẹ́ẹ̀sì àti èékánná àlẹ̀mọ́ gbọ́dọ̀ kúrò, torí orí ìka ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ sí, ojú èékánná tó dúdú lè ṣì í lọ́nà. Làálì dúdú náà lè fa irú rẹ̀, kì í sì í ṣeé fọ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí náà ẹ má lé e bí iṣẹ́ abẹ bá ti sún mọ́. Òrùka ìgbéyàwó, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, yẹtí, ońdè, ìgbàdí, tírà: gbogbo wọn ń bọ́. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ yín ni wọ́n ń bá jà. Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ẹ̀jẹ̀ dúró lè jó ara níbi tí irin bá wà, ìka tó wú kì í jẹ́ kí òrùka bọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí sì máa ń wà níbi tí wọ́n fẹ́ gé gan-an. Ẹni tí òrùka rẹ̀ kò bọ́ kó fi ọṣẹ bọ́ ọ nílé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Irun, kí ẹ dì í pálẹ̀; ṣùkú tó ga kì í jẹ́ kí orí jókòó dáadáa, wíìgì kò sì gbọ́dọ̀ wọlé.

Ẹ wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lálẹ́ àti láàárọ̀. Lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, ẹ má fi ìpara, pàǹkẹ́ẹ̀kì, tìróò tàbí òróró àdúrà kan ara, nítorí ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà kò ní lẹ̀. Ẹ má fi bíléèdì fá irun ibi tí wọ́n máa gé. Bíléèdì máa ń dá ojú ọgbẹ́ kéékèèké tí ojú kò rí, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Bó bá pọn dandan kí irun kúrò, wọ́n á fi ẹ̀rọ gé e níbẹ̀.

Oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti dúró ó kéré tán wákàtí 6 kí wọ́n tó kun yín lóorun, omi lásán wákàtí 2, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù á ní láti agogo 12 òru ni. Tiwọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Oúnjẹ ni ògì, oúnjẹ ni tíì tó ní mílíìkì. Bí èèyàn bá sùn nínú oògùn, ọ̀nà ọ̀fun kì í sọ́ ara rẹ̀ mọ́, ohun tó wà níkùn lè pọ̀ jáde kó sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìyá tó ń ṣàánú, tó ní "ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan", lè mú kí wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà èwo nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà ni ẹ máa fi omi díẹ̀ lò láàárọ̀ ọjọ́ náà, èwo ni ẹ máa fi sílẹ̀.

Ẹni tó dúró tì yín, àti ọjọ́ ìlọsílé

Òun náà nílò ẹní, aṣọ ìbora, súwẹ́tà, oògùn ara rẹ̀ àti oúnjẹ. Kẹ́ ẹ ní ẹni méjì tí wọ́n á máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí kò bá sùn fún òru mẹ́ta kò ní rántí ohun tí dókítà sọ.

Aṣọ ìlọsílé, ẹ ṣe é lọ́tọ̀ sínú ọ̀rá kan: bùbá fífẹ̀ àti ìró, tàbí agbádá àwọ̀dálé. Ẹ má gun ọ̀kadà. Nínú ọkọ̀, ẹ fi ìrọ̀rí yẹn sáàárín bẹ́líìtì àti ikùn. Ẹ má kúrò ní wọ́ọ̀dù láìmọ ọjọ́ tí wọ́n máa yọ òwú tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́, ọjọ́ klíníìkì, àti oògùn tí ẹ máa lò nílé.

Ó ku ohun tí wọ́n gé jáde. Ní ọsibítù púpọ̀, ẹni tó dúró tì yín ni wọ́n máa gbé e fún láti gbé lọ sí láàbù, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà ni. Kí ẹ ti ra ike tó lẹ́nu gbòòrò tó sì dé dáadáa. Ẹran ara máa ń le nínú fọ́málìn (oògùn olómi tí kì í jẹ́ kó jẹrà), kì í sì í jáde mọ́ ní ẹnu ike tóóró. Fọ́málìn yẹ kó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun náà. Omi lásán kò lè rọ́pò rẹ̀, ńṣe ni á jẹrà. Kẹ́ ẹ kọ orúkọ sára ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe sórí ìdérí nìkan, kẹ́ ẹ má sì ṣí i wò, torí á ta yín lójú. Nígbà tí láàbù bá gbà á, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀, torí òun ni wọ́n máa fi wá èsì jáde.